Ìka Kò Dọ́gba: Àyè-Ìyàtọ̀ Nínú Àwọn Ẹ̀yà Ara Rédíò àti Bí A Ṣe Lè Fi Èdè Yorùbá Kọ́ Ọ

ÀṢAMỌ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìdí tí rédíò méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe kì í fi í hùwà bákan náà wò. A fi hàn pé ìdí náà wà nínú àyè-ìyàtọ̀ tí a fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rédíò. A ṣàlàyé bí àwọn àyè kéékèèké wọ̀nyí ṣe ń para pọ̀, bí oníṣẹ́ ṣe ń tún wọn tò, àti ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àbùkù àti sí ayédèrú. Àárín gbùngbùn Ìbàdàn àtijọ́, ìyẹn Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà, ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ wa. Ní ìparí, a dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo ra rédíò kékeré méjì ní ìsọ̀ kan ní Ọjà'ba. Orúkọ kan náà ni ó wà lára méjèèjì, inú páálí kan náà ni ọlọ́jà ti kó wọn jáde, iye kan náà ni mo sì san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi, èkejì jẹ́ ti ìyá mi, kí ìjà ta ni yóò gbọ́ ètò tirẹ̀ lè tán nínú ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjà mìíràn fi dé. Bàbá mi ti fi bírò fa ilà sí ojú rédíò tirẹ̀ ní ibi tí ó ti ń gbọ́ Amúlùdùn, ìyẹn 99.1. Ó ní kí ìyá mi fa irú ilà bẹ́ẹ̀ sí ara tirẹ̀. Ìyá mi fa á, ṣùgbọ́n ariwo lásán ni ó gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó máa wá ibùdó náà kàn, ọ̀pá àtọ́ka rédíò tirẹ̀ ti kọjá 100, bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá mi kò tó 99. Bàbá mi wo méjèèjì títí, ó ní, 'Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì. Ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn.'

Mo gbé rédíò méjèèjì, ó di Ọjà'ba. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọlọ́jà náà ní gbangba ọjà kì í ṣe èyí tí mo lè kọ síbí láìtijú. Ó gbọ́ mi tán, kò fèsì ìbínú. Ó ní, 'Tíṣà, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá tí ń tún rédíò ṣe ní Bẹyẹrúnkà. Bí bàbá bá ní ayédèrú ni, n ó dá owó yín padà.' A dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Ó tú ẹ̀yìn rédíò méjèèjì, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì yẹ inú wọn wò fínnífínní. Ó ní, 'Kò sí ayédèrú níbí o, Tíṣà. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Wọn kò fara balẹ̀ tún wọn tò kí wọ́n tó dé ọjà ni.' Ó mú irin pẹlẹbẹ kékeré kan, ó fi yí nǹkan díẹ̀ nínú ọ̀kan, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó tún yí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Kí n tó mu omi inú ọ̀rá tí ó fún mi tán, Amúlùdùn ti bọ́ sí ojú kan náà lórí méjèèjì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo padà sí Ọjà'ba ní ọjọ́ kan náà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọlọ́jà náà lójú àwọn tí wọ́n gbọ́ èébú mi. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí ó dùn mí ju ìtìjú lọ. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Bàbá náà ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó ṣe fún mi ní Yorùbá tí ó já gaara, èmi ni n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bi í léèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí a ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyàtọ̀ láàrin rédíò kan àti èkejì, kí ó lè yé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ nípa iná mọ̀nàmọ́ná rí.

2.0 LÁTI ORÍ RÉDÍFÚSỌ̀N DÉ ORÍ RÉDÍÒ ALÁÀFỌWỌ́RÙ

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìyàtọ̀, ó yẹ kí a rántí pé ìgbà kan wà tí ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò Rédífúsọ̀n ní Èkó. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí tí ń sọ̀rọ̀ ni Rédífúsọ̀n, wáyà ni a sì fi so ó mọ́ ibùdó. Ibùdó ni ó ń gba ìró láti ojú afẹ́fẹ́, òun ni ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé gbogbo. Onílé kò ní nǹkan púpọ̀ láti yí ju kí ó gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ilé mẹ́wàá bá ní àpótí náà ní agbo-ilé kan ní Bẹẹrẹ, ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò máa gbọ́ ní ìṣẹ́jú kan náà. Kò yani lẹ́nu pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì, bẹ́ẹ̀ ni kò bi ẹnikẹ́ni pé ibùdó wo ni ó fẹ́.

Àwọn ènìyàn díẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tí ń gba ìró láti ojú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá olówó gọbọi ni. Ní ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ṣe tíránsísítọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yà kékeré yìí ni ó sọ rédíò di ohun tí a lè fi bátìrì lò, tí a sì lè gbé kọ́ èjìká lọ sóko. Ní ilẹ̀ wa, a dá iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1951, ó sì di àjọ NBC ní ọdún 1957. Ní ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ti tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tòun ti tẹlifíṣàn WNTV. Bí ibùdó ti ń pọ̀ sí i tí rédíò aláàfọwọ́rù sì ń kún ọjà, iṣẹ́ ṣíṣa ibùdó kan nínú ọ̀pọ̀ kúrò lọ́wọ́ Rédífúsọ̀n, ó di ti àpótí kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀yà ara àpótí kan àti ti èkejì ti di ohun tí etí ń gbọ́.

3.0 KÍ NI ÀYÈ-ÌYÀTỌ̀?

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè ṣe ohun méjì kí wọ́n dọ́gba pátápátá. Amọ̀kòkò kò lè mọ ìkòkò méjì tí yóò gba omi kan náà láìfi ẹ̀kán kan lé. Ẹ̀rọ ńlá tí ń ṣe ẹ̀yà rédíò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́ kò yàtọ̀ sí amọ̀kòkò ní ti èyí. Òun náà yóò ṣe kan tí ó tóbi díẹ̀, yóò ṣe òmíràn tí ó kéré díẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ máa ń sọ fún olùrà bí ìyàtọ̀ náà ṣe lè pọ̀ tó. Iye tí ó sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní tólẹ́ráǹsì.

Kí ni a ó máa pè é ní Yorùbá? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ nípa èdè-ìperí. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Lára ohun tí a rí kọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ni ó yẹ kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe ìrísí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè lo 'ìfaradà'. Ẹni tí ìyà ń jẹ ni ó ń fara da nǹkan, ẹ̀yà rédíò kò fara da ohunkóhun níbí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá 'ènì'. Àbá náà dára láti gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó mú wa rántí Ọjà'ba. Bí a bá ra gàárì ní kóńgò mẹ́ta, ìyálọ́jà yóò bu ènì lé e. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ènì ń lọ: ó máa ń ju iye tí a san lọ, kì í dín. Ohun tí à ń sọ níbí lè jù, ó sì lè dín. Ó sún mọ́ ìyàtọ̀ tí ń bẹ láàrin kóńgò kan àti èkejì gan-an ju ènì lọ. Bí ìyálọ́jà kan náà bá fi kóńgò kan náà wọn gàárì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìwọ̀n mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò ní dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ ọjà ti gbà pé kóńgò kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè wà fún ìyàtọ̀, àyè náà sì ní ààlà. Nítorí náà ni a fi yan 'àyè-ìyàtọ̀'. Oríkì rẹ̀ nìyí: àyè-ìyàtọ̀ ni iye tí ẹ̀yà kan fi lè ju èyí tí a kọ sí i lára, tàbí tí ó fi lè dín sí i, tí a ó sì gbà pé ó pé.

4.0 WÚRÀ, FÀDÁKÀ ÀTI ÌHÒÒHÒ

Rẹ̀sísítọ̀ ni ẹ̀yà tí ń dín ìṣàn iná kù nínú rédíò. Ó kéré débi pé a kò lè kọ nọ́ńbà sí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lára kí ojú rí i, àwọ̀ ni a fi ń kọ ọ́. Dúdú dúró fún 0, búráùn 1, pupa 2, àwọ̀ ọsàn 3, àwọ̀ ìyeyè 4, àwọ̀ ewé 5, búlúù 6, àwọ̀ elése-àlùkò 7, àwọ̀ eérú 8, funfun sì dúró fún 9. Olùkọ́ Yorùbá yóò ti kíyè sí i pé dúdú, pupa àti funfun nìkan ni ó jẹ́ orúkọ àwọ̀ pọ́nńbélé nínú èdè wa. Ara ohun tí a ń fojú rí, bí èso, ewé àti eérú, ni a ti mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Èyí kò sọ èdè wa di aláìní. Bàbá Bẹyẹrúnkà ń pe búráùn ní 'àwọ̀ obì', ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣìnà rí.

Lẹ́yìn àwọ̀ tí ó sọ iye ni àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó dá dúró ní ìpẹ̀kun máa ń wà. Òun ni ó ń sọ àyè-ìyàtọ̀. Wúrà túmọ̀ sí ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀, fàdákà túmọ̀ sí ìdá 10 nínú 100. Bí ìpẹ̀kun náà bá wà ní ìhòòhò, ìdá 20 nínú 100 ni. Ẹ jẹ́ kí á mú rẹ̀sísítọ̀ tí ó ní búráùn, dúdú àti pupa lára. Iye rẹ̀ ni 1000 ohm. Bí ó bá ní wúrà, ó lè jẹ́ ohunkóhun láti 950 dé 1050. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, láti 900 dé 1100. Bí ó bá wà ní ìhòòhò, láti 800 dé 1200.

Àyè-ìyàtọ̀ yìí náà ni ó ṣàlàyé ohun kan tí ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Àwọn iye tí à ń rí rà nínú ọ̀wọ́ alámì fàdákà ni 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68 àti 82, lẹ́yìn náà a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti 100. Èéṣe tí kò fi sí 11? Ìdí ni pé 10 alámì fàdákà lè ga dé 11, 12 alámì fàdákà sì lè rẹlẹ̀ dé 10.8. Ààlà wọn ti wọ inú ara wọn. Ẹni tí ó bá ṣe 11 sí àárín wọn kò fi nǹkan kan kún ọjà.

5.0 BÍ ÌYÀTỌ̀ KÉKERÉ ṢE Ń DI ŃLÁ

Ohun méjì ni ó ń para pọ̀ ṣa ibùdó nínú rédíò. Èkíní ni kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé róbótó. Èkejì ni kapásítọ̀, tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ń pè ní kòńdẹ́ńsà, èyí tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá so méjèèjì pọ̀, wọn yóò máa dáhùn sí ìgbì kan ju gbogbo ìgbì yòókù lọ. Bí kọ́ìlì tàbí kapásítọ̀ bá tóbi sí i, iye ìgbì tí wọn ń dáhùn sí yóò rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá kéré sí i, yóò ga. Bí ìyàtọ̀ ara ọ̀kan nínú wọn bá kéré, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni yóò hàn nínú iye ìgbì.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ayàwòrán ẹ̀rọ fẹ́ kí kọ́ìlì àti kapásítọ̀ kan dáhùn sí 1000 kHz, àyè-ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀:

(i) Bí kapásítọ̀ bá fi ìdá 10 tóbi jù, tí kọ́ìlì sì pé, wọn yóò dáhùn sí nǹkan bí 953 kHz.
(ii) Bí àwọn méjèèjì bá fi ìdá 10 tóbi jù, wọn yóò dáhùn sí nǹkan bí 909 kHz.
(iii) Bí ọ̀kan bá fi ìdá 10 tóbi jù, tí èkejì fi ìdá 10 kéré jù, wọn yóò dáhùn sí nǹkan bí 1005 kHz.

Nínú àpẹẹrẹ kẹta yìí, àṣejù ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àìtó èkejì rẹ́. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ojú lásán mọ rédíò tí yóò pé. Rédíò tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀ sí iye wọn lè bọ́ sí ojú ọ̀nà, èyí tí ẹ̀yà méjì péré yàtọ̀ nínú rẹ̀ sì lè ṣìnà, bí ẹ̀yà méjèèjì bá jọ gba apá kan náà lọ.

Ǹjẹ́ ìyàtọ̀ láàrin 1000 àti 953 pọ̀? Nínú ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní ọdún 1975, èyí tí ìpinnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978, wọ́n fi 9 kHz ṣe àlàfo láàrin ibùdó kan àti èkejì lórí ìgbì alábọ́ọ́dé ní Áfíríkà àti Yúróòpù. Ẹni tí ó bá fi 47 kHz ṣìnà ti fo ìjókòó ibùdó márùn-ún. Ti FM tilẹ̀ le ju èyí lọ. Ní Ìbàdàn, 105.5 ni Splash FM wà, 105.9 sì ni Fresh FM. Àlàfo àárín wọn kò ju 0.4 MHz. Bí iye kapásítọ̀ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà bá yí padà ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá 1 nínú 100, rédíò tí a fi sí ojú ibùdó kan yóò bá ara rẹ̀ lójú èkejì. Ẹ fi èyí wé ìdá 5 tí a ń fi wúrà polongo. Ó hàn gbangba pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè kàn kó ẹ̀yà jọ sínú àpótí kí ojú gbogbo rédíò rẹ̀ sì dọ́gba.

Tíránsísítọ̀ ni ó yàtọ̀ síra jù nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ agbára kékeré di ńlá. A máa ń bá èyí tí a ń pè ní BC547 pàdé nínú ẹ̀rọ kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: A ń sọ agbára di ìlọ́po 110 dé 220, B ń sọ ọ́ di 200 dé 450, C sì ń sọ ọ́ di 420 dé 800. Nínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ẹnìkan lè fi ìlọ́po méjì ju ẹnìkejì lọ. Bí a bá fi irú ẹ̀yà báyìí sílẹ̀ láìní ìkáwọ́, rédíò kan yóò máa pariwo, èkejì yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọgbọ́n tí àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ ta sí i ni pé wọ́n ń dá díẹ̀ nínú ohun tí ó jáde padà sí ẹnu ọ̀nà, kí ó lè máa fa ẹ̀yà náà sẹ́yìn. Ìjánu ẹṣin ni ọgbọ́n náà jọ. Ẹṣin alágbára àti ẹṣin pẹ̀lẹ́ lè jọ rìn ní ìwọ̀n kan náà bí ìjánu bá wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, rẹ̀sísítọ̀ tí ó ṣe ìjánu ni yóò máa pinnu bí ohùn yóò ti ga tó, àyè-ìyàtọ̀ tirẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti tíránsísítọ̀.

6.0 ÀTÚNTÒ: ÌDA ARA GÚDÚGÚDÚ

Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè ṣe ẹ̀yà tí ó dọ́gba, ohun tí ó kù ni kí a tún wọn tò lẹ́yìn tí a bá ti kó wọn jọ. Onílù kò ní ṣàì mọ èyí. Awọ ẹran méjì kì í nípọn bákan náà, igi méjì kì í dún bákan náà, síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ rí ìlù tí yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Onígúdúgúdú a máa fi ìda lé ojú awọ ìlù rẹ̀, yóò fi kún un tàbí kí ó dín in kù títí ohùn yóò fi bọ́ sí ibi tí ó fẹ́. Kò pààrọ̀ awọ, kò sì pààrọ̀ igi. Ó ń tún àìdọ́gba wọn ṣe ni.

Ohun tí bàbá Bẹyẹrúnkà ṣe nìyí. Nínú rédíò kan, a máa ń rí kapásítọ̀ kéékèèké tí ojú wọn ṣeé yí, àti kọ́ìlì tí ó ní ọ̀pá dúdú tí ó ṣeé yí wọlé tàbí jáde. Kọ́ìlì ni ó fi ń tún ìsàlẹ̀ ojú ìwọ̀n ṣe, kapásítọ̀ ni ó sì fi ń tún òkè ṣe. Bí ó bá tún òkè ṣe tán, ìsàlẹ̀ yóò ti yẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà yóò padà síbẹ̀, yóò tún lọ sókè, títí méjèèjì yóò fi gbà. Àwọn àpótí irin kéékèèké aláwọ̀ tún wà: pupa, ìyeyè, funfun àti dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí ó wá láti Éṣíà, pupa ni ti ẹ̀yà tí ń pèsè ìgbì inú rédíò fúnra rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì wà fún ìgbì àárín, tí ó sábà máa ń jẹ́ 455 kHz. Bàbá náà kìlọ̀ fún mi pé ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ dùgbẹ̀dùgbẹ̀ yí wọn kiri ti ba iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ jẹ́, yóò sì pẹ́ kí ó tó rí ojú ọ̀nà padà.

Nígbà tí bàbá náà ṣí inú rédíò náà hàn mí, mo rí nǹkan funfun tí ó yọ́ lé orí àwọn kọ́ìlì kéékèèké FM. Mo bi í pé kí ni. Ó ní, 'Ìda ni.' Wọ́n ti fa wáyà kọ́ìlì náà gbòòrò tàbí kí wọ́n fún un pọ̀ díẹ̀ láti fi mú un bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n sì yọ́ ìda lé e kí ó má baà mì mọ́. A kò gbọ́dọ̀ da iṣẹ́ ìda méjèèjì pọ̀: ti gúdúgúdú ń yí ohùn padà, ti rédíò ń pa ohun tí a ti yí mọ́ sójú kan. Síbẹ̀, ìmọ̀ kan náà ni ó wà nídìí àwọn méjèèjì, pé ohun tí ó jáde láti ọwọ́ aṣe-nǹkan kò tíì parí títí a ó fi fi etí tọ́ ọ sọ́nà.

Àtúntò pàápàá kì í wà títí láé. Ooru ọ̀sán lábẹ́ páànù ìsọ̀ a máa yí iye ẹ̀yà padà díẹ̀, ìgbà tí ó bá sì pẹ́, àwọn kapásítọ̀ kan a máa gbẹ. Rédíò olónọ́ńbà òde òní gba ọ̀nà mìíràn. Òkúta kírísítálì tí ń mì ni ó fi ń wọn ìgbì rẹ̀. Àyè-ìyàtọ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè mọ níwọ̀n 20 nínú mílíọ̀nù kan. Bí a bá wọn èyí ní ojú 105.5 MHz, àṣìṣe náà kò ju nǹkan bí 2 kHz lọ, àlàfo tí ó wà láàrin ibùdó méjì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́ 400 kHz. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi ń bá ara mu lórí fóònù àti lórí rédíò ọkọ̀, tí ìlà ojú rédíò ọlọ́pàá àtọ́ka kì í sì í bá ara mu.

7.0 ÀYÈ-ÌYÀTỌ̀, ÀBÙKÙ ÀTI AYÉDÈRÚ

Àìmọ ìyàtọ̀ láàrin ohun mẹ́ta yìí ni ó mú mi bú aláìṣẹ̀. Ó yẹ kí a là wọ́n yé akẹ́kọ̀ọ́.

Àkọ́kọ́ ni àyè-ìyàtọ̀. Ẹ̀yà tí a kọ 1000 sí pẹ̀lú wúrà, tí ó jẹ́ 960 nígbà tí a wọ̀n ọ́n, kò ní àléébù kankan. Ó dúró nínú ààlà tí ilé-iṣẹ́ ti sọ.

Èkejì ni àbùkù. Bí ẹ̀yà kan náà bá jẹ́ 700, ó ti jáde kúrò nínú ààlà. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbó, ó lè jẹ́ pé iná ti jó o, tàbí kí ayẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ti fò ó. A ó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan pé ẹnìkan fẹ́ tanni jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Èyí ni ohun tí ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sí lára: ó kun wúrà sí ohun tí kò tó fàdákà, tàbí ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe é sí i. Kì í ṣe bí iye náà ti jìnnà tó ni ó sọ ọ́ di ayédèrú, irọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni.

Ìwọ̀n ni a fi ń mọ ìkíní yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹ̀rí nípa ènìyàn ni a fi ń mọ ìkẹta. Bàbá mi àti èmi fo ìwọ̀n, a fo ẹ̀rí, a sì dá ẹjọ́.

8.0 ÀBÁ FÚN OLÙKỌ́

Ìrírí Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn wá pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nínú iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a dábàá ìgbésẹ̀ mẹ́rin:

(i) Kí olùkọ́ mú kóńgò kan àti gàárì wá sí kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wọn kóńgò kan kan, kí a sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n jíròrò lórí ibi tí ó yẹ kí ààlà wà.
(ii) Kí olùkọ́ ra ogún rẹ̀sísítọ̀ alámì wúrà tí ó jẹ́ 1000 ohm. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi mítà wọ̀n wọ́n. Mélòó ni ó wà láàrin 950 àti 1050? Ǹjẹ́ èyíkéyìí jẹ́ 1000 gẹ́lẹ́?
(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé rédíò ọlọ́pàá àtọ́ka láti ilé wọn wá, kí wọ́n wá ibùdó kan náà lórí gbogbo wọn, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí ọ̀pá ń tọ́ka sí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
(iv) Kí a pe oníṣẹ́ rédíò kan wá sí kíláàsì, kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá lò sílẹ̀. Kí a má ṣe dá a dúró láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Òun ni olùkọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rédíò nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí àgbà oníṣẹ́ kan bá lọ, gbogbo èdè-ìperí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ni yóò bá a lọ.

9.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé rédíò méjì kò lè rí bákan náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà méjì kò lè rí bákan náà. A rí i pé ìyàtọ̀ kéékèèké lè para pọ̀ di ńlá, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́. A rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà ká a lọ́wọ́ kò: kí a fún ẹ̀rọ ní ìjánu, kí a tún un tò, tàbí kí a fi kírísítálì wọn ìgbì rẹ̀. A sì rí i pé ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò gbọdọ̀ fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Bàbá mi ti di ẹni àná. Rédíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi pẹ̀lú èyí tí ó jẹ́ ti ìyá mi fúnra rẹ̀. Ìlà bírò àtijọ́ náà kò tíì parẹ́ lójú rẹ̀, ní ibi tí Amúlùdùn kò sí mọ́ láti ọjọ́ tí a ti dé Bẹyẹrúnkà. Mo máa ń gbé e lọ sí kíláàsì ní ọdọọdún. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ìlà náà, lẹ́yìn náà mo máa ń sọ orúkọ tí mo pe ọlọ́jà ní Ọjà'ba fún wọn, kí wọ́n lè mọ iye tí àìmọ̀kan olùkọ́ wọn fẹ́ ná aláìṣẹ̀.